Máàsì fún SS2 àti SS3: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi nínú kíláàsì tó kún fọ́fọ́

Kọ́pà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ka ohun tí ẹ kọ, pé SS2 ni wọ́n kó lé yín lọ́wọ́, pé wọ́n lé ní ọgọ́ta nínú kíláàsì kan, pé tí wọ́n bá ti ti bírèékì dé báyìí ìdajì wọn á ti gbórí lé tábìlì, àti pé pírìnsípà fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rífíṣọ̀n WAEC pẹ̀lú wọn, ẹ wá ń béèrè irú eré tí ẹ lè fi mú wọn jí. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lèmi náà ti ń kọ́ máàsì, lápá Òkè-Ògùn níbí, ó ti pẹ́ díẹ̀, kò síná, ìwé ò kárí, àga gan-an ò kárí, torí náà gbogbo ohun tí màá sọ, ṣọ́ọ̀kì àti páálí ló máa gbà yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eré bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé òun lẹ béèrè, màá sì dé bẹ̀, àmọ́ ohun tó ń mú ọmọ jí nínú máàsì kì í ṣe ariwo, ìbéèrè tó dá a lójú pé òun lè rí ìdáhùn ẹ̀ tí kò sì tíì rí i ni. Tí mo bá ń múra kíláàsì ọ̀la sílẹ̀, kì í ṣe nóòtù ni mo kọ́kọ́ ń kọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń wá, èyí tí wọ́n máa torí ẹ̀ bára wọn jiyàn, ìyókù á wá tò tẹ̀ lé e. Lẹ́sìn nóòtù tí wọ́n máa ń wá yẹ̀ wò, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, ẹ má bá ẹnikẹ́ni fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ní bébà kékeré tiyín lápò tí ìbéèrè yẹn wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú simultaneous equation, ìyẹn equation méjì tí a ń yanjú pa pọ̀. Tí ẹ bá wọlé tí ẹ kọ x àti y sí bọ́ọ̀dù, gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Èmi á ní kí wọ́n sọ bírò sílẹ̀, kí wọ́n gbọ́ mi: Ìyá Ṣadé lọ sọ́jà, ó ra kóńgò gàrí mẹ́ta àti kóńgò ẹ̀wà méjì, ₦7,200 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Kúnlé dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan náà, ó ra kóńgò gàrí kan àti kóńgò ẹ̀wà méjì, ₦4,800. Èló ni wọ́n ń ta kóńgò gàrí? Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ dákẹ́ lóòótọ́ o, ìṣẹ́jú méjì lè dà bí ọdún níwájú ọgọ́ta ọmọ ṣùgbọ́n ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹnìkan tó máa ń bá ìyá ẹ̀ tajà máa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, á ní ẹ̀wà àwọn méjèèjì ṣáà dọ́gba, kóńgò gàrí méjì ni Ìyá Ṣadé fi jù ú lọ, owó tó fi jù ú lọ ni ₦2,400, kóńgò kan á jẹ́ ₦1,200, ẹ̀wà á wá jẹ́ ₦1,800. Ọmọ yẹn ti ṣe elimination, ìyẹn yíyọ ọ̀kan kúrò kí èkejì lè hàn, kò sì tíì sẹ́ni tó sọ orúkọ ẹ̀ fún un. Ìgbà yẹn ni màá tó kọ 3g + 2e = 7200 sí bọ́ọ̀dù, màá kọ g + 2e = 4800 sábẹ́ ẹ̀, màá fún ọmọ yẹn ní ṣọ́ọ̀kì kó wá fi ibi tó ti yọ ẹ̀wà kúrò hàn wá. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé g yẹn, owó kóńgò gàrí kan ló dúró fún, kì í ṣe gàrí fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sọnù.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yí i padà. Ti Ìyá Ṣadé ṣì wà bó ṣe wà, àmọ́ Ìyá Kúnlé ra gàrí méjì, ẹ̀wà mẹ́ta, ₦7,800. Ẹ̀wà ò dọ́gba mọ́, kí la máa ṣe? Ariwo á sọ, ẹ jẹ́ ó sọ. Tí kò bá sẹ́ni tó rí i, ẹ bi wọ́n pé tí Ìyá Ṣadé bá lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó ra iye kan náà ńkọ́, tí Ìyá Kúnlé náà lọ lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ̀wà á di mẹ́fà mẹ́fà, gàrí á di mẹ́sàn-án àti mẹ́rin, owó á di ₦21,600 àti ₦15,600, gàrí márùn-ún ló fi jù ú lọ, ₦6,000, a tún bọ́ sí ₦1,200. Wọn ò ní í béèrè mọ́ pé kí ló dé tí a fi ń sọ equation di ìlọ́po.

Ẹ sì rí i pé Yorùbá ni mo fi sọ ìtàn yẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò, mo mọ̀, ẹ̀yìn tó bá ti yé wọn la jọ máa kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì bí WAEC ṣe máa ń kọ ọ́, kí wọ́n máa fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn tó di equation kìíní àti èyí tó di ìkejì. Àwọn kan á ní ẹ ń bá èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ jẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ pírámárì ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà nínú ẹ̀. Tí ẹ bá sì ka Chief Examiner's Report tí WAEC máa ń gbé jáde, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń tún sọ ṣáá ni pé ọmọ ò lè sọ ìbéèrè tó jẹ́ ìtàn di ìṣirò. Ẹ lọ ka report yẹn o, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ti ọdún mẹ́ta mẹ́rin, ó wúlò fún mi ju gbogbo ìwé tí mo fowó rà lọ torí ó sọ ohun tí àwọn ọmọ gidi kọ sílẹ̀ tí wọ́n fi fìdí rẹmi.

Modular arithmetic tún wà, ìyẹn ìṣirò ohun tó ń ṣẹ́ kù tí a bá pín nọ́ńbà, SS1 ló wà ṣùgbọ́n SS2 yín ti gbàgbé ẹ̀, ẹ máa rí i. Ọjà ìlú wa ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, bí àwọn àgbà ṣe ń kà á, tòní pẹ̀lú ẹ̀, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà kan sí èkejì. Tí ọjà bá bọ́ sí Mọ́ńdè òní, ìgbà wo ló tún máa bọ́ sí Mọ́ńdè? Wọ́n á máa fi ìka kà á: Fúráìdeè, Túsìdeè, Sátidé, Wẹ́sìdeè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdeè, ó di Mọ́ńdè, ọjọ́ 28. Ẹ wá bi wọ́n pé tó bá di ọgọ́rùn-ún ọjọ́ sí òní, ṣé ọjọ́ ọjà ni, ọjọ́ wo ló sì máa jẹ́ nínú ọ̀sẹ̀? Ìka ò lè ka ìyẹn. 100 pín sí mẹ́rin ò ṣẹ́ nǹkan kù, ọjọ́ ọjà ni, 100 pín sí méje ṣẹ́ méjì kù, Wẹ́sìdeè ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ bi ìyá ìyá wọn nílé nípa ìsán àti ìtàdógún, kí wọ́n mú un wá. Ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè rí ti jí dìde ní kíláàsì mi nítorí ìtàdógún, inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ kí aago lù.

Rífíṣọ̀n wá ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí mò ń rí káàkiri ni pé wọ́n á ti gbogbo ẹ̀ sí tẹ́ẹ̀mù tó gbẹ̀yìn, tíṣà á dúró síwájú, á máa ṣe pásì kúẹ́ṣọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí bọ́ọ̀dù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ á máa dà á kọ. Ọwọ́ ọmọ ń ṣiṣẹ́, orí ẹ̀ ń sinmi. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, ó máa ń dùn mí dọ́kàn torí àwọn òbí ń san owó lẹ́sìn sí i, tíṣà nìkan ló sì ń ṣe rífíṣọ̀n níbẹ̀.

Báyìí lèmi ṣe ń ṣe é. Mo ní páálí bàtà kan lórí tábìlì mi, mo gé páálí wẹ́wẹ́ sínú ẹ̀, ìbéèrè kan lójú páálí kan, ìdáhùn lẹ́yìn. Ojoojúmọ́, kí a tó ṣe nǹkan tuntun kankan, ìbéèrè márùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ọ̀kan látinú iṣẹ́ àná, ọ̀kan látọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ọ̀kan láti JSS (fraction, percentage, àwọn nǹkan tí ojú ń tì wọ́n láti béèrè), ìkarùn-ún láti Section A WAEC. Ìwé pípa dé, kò sí pé mò ń wo nóòtù. Lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n máàkì ara wọn. Ẹ má kọ orúkọ topic sókè ìbéèrè o! Tí ẹ bá ti kọ quadratic equation sókè ẹ̀, ìdajì iṣẹ́ lẹ ti bá a ṣe yẹn, ta ló máa sọ fún un nínú họ́ọ̀lù pé quadratic ni? Kó mọ irú ọ̀nà tó yẹ kó gbà, òun gan-an ni iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ máa le. Wọ́n á gba ọ̀kan nínú márùn-ún, wọ́n á ní ẹ ò tíì kọ́ àwọn, àwọn tíṣà mìíràn gan-an á ní ẹ ń fi àkókò ṣòfò nígbà tí sílébọ́ọ̀sì ń dúró dè yín. Ẹ má dá a dúró. Ohun tí ọmọ gbàgbé tó sì fúnra ẹ̀ wá rí padà, ó máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ ju ohun tó dà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ, mo ti rí i pẹ̀lú oríṣiríṣi ọmọ, olórí pípé àti èyí tí wọ́n ní kò mọ nǹkan kan.

Ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀ díẹ̀, màá kọ iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣì sí bọ́ọ̀dù, láìdárúkọ. Bí irú èyí: 3 − 2(x − 4) = 3 − 2x − 8. Màá ní ṣé ó tọ̀nà? Ìdajì kíláàsì á ní ó tọ̀nà. Mi ò ní í sọ nǹkan kan, màá kàn ní kí wọ́n fi 4 sípò x. Apá òsì fún wọn ní 3, apá ọ̀tún fún wọn ní −13. Háà! Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè tó wà nínú iṣẹ́ yẹn fúnra wọn, títí wọ́n á fi rí i pé −2 tó pàdé −4, +8 ló bí, pé 11 − 2x ló yẹ kó jẹ́. Kí ọmọ mọ bó ṣe lè yẹ iṣẹ́ ara ẹ̀ wò láìsí tíṣà, mi ò rí ohun tí mo lè fún un nínú máàsì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá ti ku bíi tẹ́ẹ̀mù kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí ìdánwò náà ṣe rí. Paper 1 jẹ́ obj 50 fún wákàtí kan ààbọ̀. Paper 2 jẹ́ wákàtí méjì ààbọ̀, Section A ní ìbéèrè márùn-ún tó jẹ́ dandan, 40 máàkì, Section B ní mẹ́jọ, wọ́n á mú márùn-ún, 60 máàkì. Ìbéèrè mẹ́wàá nínú ìṣẹ́jú 150, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé aago síwájú wọn kí wọ́n mọ bó ṣe ń rí lára. Kí wọ́n sì mọ̀ pé WAEC ń fún èèyàn ní máàkì lórí ọ̀nà tó gbà, kì í ṣe lórí ìdáhùn nìkan, ẹni tó tẹ kàlkúlétọ̀ tó kọ ìdáhùn lásán tó wá ṣì í, òfo ló gbà, ẹni tó to iṣẹ́ ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ tó ṣì í ní ìlà tó kẹ́yìn á rí nǹkan mú. Ẹ kọ iṣẹ́ kan tó ní àṣìṣe díẹ̀, ẹ fún wọn ní marking scheme, kí wọ́n jókòó bí ọ̀gá máàkà. Wọ́n máa ń le ju WAEC gan-an lọ.

Eré tí ẹ béèrè, méjì péré ni mo fọkàn tán. Fún probability, ọmọ ayò lúdò méjì, ẹ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú nọ́ńbà kan láti 2 dé 12, ẹ máa da ayò, àpapọ̀ méjèèjì tó bá jáde, ẹgbẹ́ tó ni ín á sún síwájú ìlà kan lórí bọ́ọ̀dù. Ẹni tó mú 12 á máa pariwo pé ojúsàájú wà. Ẹ ní kó kọ gbogbo ọ̀nà 36 sílẹ̀ kó rí i pé mẹ́fà ló ń bí 7, ẹyọ kan ló ń bí 12. Èkejì fún angle of elevation, igun tí ojú fi ń wòkè: protractor, òwú, òkúta kékeré tí a so mọ́ òwú náà, egungun bírò tí wọ́n á máa gbà wò, kí wọ́n jáde lọ wọn gíga ilé omi. Ẹni tó bá rìn títí ó fi rí 45° á rí i pé ó kàn máa fi gíga ojú ẹ̀ kún bó ṣe jìnnà sí ilé omi ni. Ẹ má kó gbogbo ọgọ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà o, mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ìyókù wà nínú kíláàsì pẹ̀lú páálí bàtà.

Fún lẹ́yìn bírèékì tí ẹ sọ yẹn, àkókò páálí bàtà ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ ti wà lórí bọ́ọ̀dù kí wọ́n tó wọlé, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró de pé kí kíláàsì dákẹ́. Topic wo lẹ wà báyìí? Tó bá jẹ́ circle theorem ẹ sọ fún mi, ìyẹn ní ti ẹ̀ lọ́tọ̀, bébà àti sísọ́ọ̀sì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, màá kọ ọ́ fún yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.