Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ọkọ̀ Òkun Ń Gun Òkè?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ní Ejiba níhìn-ín, ojú omi tí wọ́n gbẹ́ láti dáàmù Omi kò ṣe ju kí ó gbé omi wá sí oko lọ, ìsàlẹ̀ ni omi náà sì ń ṣàn sí. Ọmọ mi kà á pé ní Panama, ọkọ̀ òkun ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gun òkè. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni èrè irú làálàá bẹ́ẹ̀? — Àgbẹ̀ kan, Yàgbà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oko, bàbá wa. Òótọ́ ni. Yàrá kọ́ńkéré gígùn ni wọ́n kọ́, tí ó ní ilẹ̀kùn irin níwájú àti lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á sì jẹ́ kí omi apá òkè ṣàn wọ inú yàrá náà fúnra rẹ̀. Bí omi ṣe ń kún ni ọkọ̀ ń léfòó sókè, títí omi inú yàrá yóò fi bá ti iwájú dọ́gba. Yàrá mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e dé adágún Gatun, tí ó fi nǹkan bíi mítà 26 ga ju òkun lọ. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: Qiao Weiyue ti dá a ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 984.

Ní ti èrè, owó ẹrù ni. Nígbà tí ìladò Bridgewater, ìyẹn ojú omi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀, dé Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1761, owó èédú níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Ìladò Suez, tí wọ́n ṣí ní 1869, kò nílò yàrá kankan, nítorí pé òkun méjèèjì tí ó so pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọkọ̀ tó ń ti Yúróòpù lọ sí Íńdíà kò sì ní láti yí gbogbo Áfíríkà po mọ́. Ìyẹn ló ti Ferdinand de Lesseps, tí ó darí iṣẹ́ Suez, láti fẹ́ gbẹ́ Panama lọ tààrà bákan náà ní 1881. Òkè kọ̀ fún un. Ibà ẹ̀fọn àti ibà pọ́njúpọ́njú pa àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wó ní 1889. Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà ní 1904, ó gbógun ti ẹ̀fọn, ó sì parí rẹ̀ ní 1914. Lójú tèmi, ogun ẹ̀fọn yẹn tó ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ẹ ó mọ èyí tó kù: omi adágún tó gbé ọkọ̀ gòkè, inú òkun ló ń parí sí, òjò nìkan ló sì ń dá a padà. Nígbà tí ọ̀dá dá ní 2023, ṣe ni wọ́n dín iye ọkọ̀ tó ń kọjá lójúmọ́ kù.