Ẹ Bi Wá: Owó Tí Wọ́n Ń San fún Ọmọ Yunifásítì Tó Ń Ṣeré l'Ámẹ́ríkà, Ṣé Ó Kan Ọmọ Ìkòròdú?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta yìí ni mo mú torí Ìkòròdú ni gbogbo wọn ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Èyí àkọ́kọ́ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sùn dáadáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 17, ó ga débi pé ó gbọ́dọ̀ tẹrí ba kó tó wọ yàrá, básíkẹ́ẹ̀tì ló sì ń gbá. Ọkùnrin kan tó ní ejẹ́ǹtì lòun wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní yunifásítì Amẹ́ríkà ti ń sanwó fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, pé owó tí ọmọ mi máa gbà á tó kọ́lé, ṣùgbọ́n kí n tètè mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá fún fọ́ọ̀mù àti físà kí ẹlòmíì má bàa gba àyè ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo máa kó àjọ. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ìgbógbó)

ÌDÁHÙN: Màámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, tí ẹ bá kó àjọ yẹn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn o, òótọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi ń mú èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, ò gbà láyé ìgbà kan kí ọmọ tó ń ṣeré gba ohunkóhun ju owó ilé-ìwé, ibùgbé àti oúnjẹ lọ. Hakeem Olajuwon tiwa, ọmọ Èkó, bó ṣe lọ sí University of Houston lọ́dún 1980 nìyẹn. Ó gbé wọn dé àṣekágbá orílẹ̀-èdè ní 1983 àti 1984, èrò ń kún pápá, tẹlifíṣàn ń gbé e káàkiri, ilé-ìwé ló sì ni gbogbo owó tó ń wọlé. Ọdún 1984 tí Houston Rockets, tíímù NBA, yàn án ṣáájú gbogbo ọmọ tó kù, Michael Jordan wà nínú wọn o, ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó iṣẹ́ ẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ṣeré lẹ́yìn ìgbà Olajuwon ò gbà fún NCAA, wọ́n pè é lẹ́jọ́, wọ́n tún pè é. Ní oṣù kẹfà 2021 adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá NCAA lẹ́bi, nígbà tó sì di July 1 ọdún yẹn wọ́n gbà kí ọmọ máa fi orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀ gbowó, kó polówó bàtà, kó polówó ohun mímu. NIL ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ní June 6, 2025 adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn kan tó ní kí ilé-ìwé fúnra wọn máa sanwó fún ọmọ látinú owó tí eré ń mú wọlé, ilé-ìwé kan lè pín tó nǹkan bíi mílíọ̀nù $20.5 lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n á tún fi ọdún mẹ́wàá san nǹkan bíi bílíọ̀nù $2.8 fún àwọn tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè sẹ́yìn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, inú mi dùn sí i gan-an, torí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun níbẹ̀.

Ibi tó wá kan ọmọ tiyín nìyí. Físà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń wọ ibẹ̀, F-1 ni wọ́n ń pè é, ìwé ló wà fún, kì í ṣe iṣẹ́. Kò lè jáde lọ ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ, iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé pàápàá kò gbọ́dọ̀ ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ òkèèrè ló ń jókòó pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan náà, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń gbowó, òun ń wò. Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún yunifásítì Kentucky, òun ni wọ́n yàn lọ́dún 2022 pé ó dáa jù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ ó di ìgbà tí tíímù wọn lọ sí Bahamas ní August ọdún yẹn kó tó ráyè ṣe ìpolówó ẹ̀, torí ìgbà yẹn kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́. Ẹ ò rí i bó ṣe le tó?

Èyí tó tún wá burú jù, láti January 1, 2026 ni ìjọba wọn ti dá físà ọmọ ilé-ìwé dúró fún àwa ọmọ Nàìjíríà, àfi ìwọ̀nba àwọn tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ẹ wá bi ejẹ́ǹtì yín pé físà wo ló fẹ́ gbà? Tí ilẹ̀kùn bá tún ṣí lọ́la, ẹ mọ̀ pé ilé-ìwé ló ń fi ìwé I-20, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á wọlé, ránṣẹ́ sí ọmọ, kì í ṣe ejẹ́ǹtì. Owó SEVIS, ìyẹn owó tí ìjọba wọn fi ń kọ orúkọ ọmọ ilé-ìwé òkèèrè sílẹ̀, $350 ni, ti ẹ́ḿbásì $185, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san án, rìsíìtì á sì jáde lórúkọ ọmọ yín. Kọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ ọmọ lóòótọ́, òun ló ń bẹ ìyá ọmọ, kì í gba owó lọ́wọ́ ìyá ọmọ.

Mo ti mú lẹ́tà ayédèrú kan dání rí. Ìyá ọmọ tó gbé e wá fi sínú lọ́rá méjì kí òjò má bàa pa á. Àmì ilé-ìwé tó wà lókè ẹ̀ ti ràn bí ìgbà tí omi dà sí i, àdírẹ́sì kọ́ọ̀ṣì jẹ́ Gmail, ọ̀rọ̀ scholarship gan-an wọ́n ṣì í kọ. Fírísà tó fi ń ta ẹja ló tà kó tó rówó san. Mo ka lẹ́tà náà tán, mi ò mọ bí mo ṣe máa la ẹnu sọ fún un. Màámi, mi ò fẹ́ ka irú ẹ̀ fún yín láéláé. Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì dárúkọ ilé-ìwé, kí kọ́ọ̀ṣì fi ímeèlì ilé-ìwé tó parí sí .edu kọ̀wé sí yín, tí kò bá lè ṣe ìyẹn kó máa lọ. Kí ọmọ yín gbájú mọ́ WAEC ẹ̀, bọ́ọ̀lù ò ní sá lọ.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́ọ̀ṣì bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mí, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́. Mo gbọ́ pé owó tí wọ́n ń san fún ọmọ yunifásítì l'Ámẹ́ríkà ti ba ìdíje jẹ́, pé ilé-ìwé olówó á máa kó gbogbo ọmọ tó dáa lọ. Báwo lẹ ṣe rí i? (Kọ́ọ̀ṣì, Ìta-Ẹlẹ́wà)

ÌDÁHÙN: Kọ́ọ̀ṣì, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin mọ bó ṣe ń rí lára tí wọ́n bá wá mú ọmọ téèyàn fi ọdún mẹ́ta tọ́, torí náà màá fara balẹ̀ dáhùn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé nǹkan dọ́gba nígbà tí wọn ò tíì máa sanwó. Owó wà níbẹ̀ látilẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń gbà á. Southern Methodist University ní Texas ń fún ọmọ lówó lábẹ́lẹ̀ títí NCAA fi fòfin de tíímù wọn fún gbogbo sáà 1987. Àwọn tí kò fún ọmọ lówó ń fi owó náà kọ́ ilé ìdárayá tó dà bí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń san mílíọ̀nù dọ́là fún kọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ lọmọ sì ń wò tó fi ń yàn. Láàárín 2009 sí 2020 yunifásítì Alabama nìkan gba ife orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹfà lábẹ́ Nick Saban, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn yẹn tí wọ́n ń gbé mọ́yà sáré, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún ọmọ ní gbangba o. Ọmọ tó lè jẹ́ ọ̀gá níbòmíì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀.

Owó wá dé, òfin ṣíṣí láti ilé-ìwé kan sí òmíì náà tún wá rọ̀. Láti 2021 ọmọ lè ṣí lẹ́ẹ̀kan láìsí pé ó fi ọdún kan jókòó, nígbà tó fi máa di 2024 iye ìgbà tó bá wù ú ló lè ṣí tí èsì ìdánwò ẹ̀ bá ti dáa. Ọmọ orí bẹ́ǹṣì bá dìde. Ní October 5, 2024, Vanderbilt, yunifásítì kan ní Nashville tí wọ́n máa ń nà bí ẹni ń na aṣọ òfì na Alabama 40 sí 35, Alabama sì ni wọ́n tò sí ipò kìíní lọ́sẹ̀ yẹn. Diego Pavia tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, New Mexico State ló ti wá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé hú òpó gôòlù nílẹ̀, wọ́n gbé e léjìká la ìgboro Nashville kọjá, wọ́n lọ jù ú sínú odò Cumberland. Indiana ńkọ́, tó wà lára àwọn tíímù ńlá tí wọ́n ti nà jù látọjọ́ táláyé ti dáyé? January 2026 ni wọ́n gba ife, wọ́n na Miami 27 sí 21, wọn ò pàdánù ẹyọ kan ní gbogbo sáà, Fernando Mendoza tó ju bọ́ọ̀lù fún wọn náà, ilé-ìwé kan ní California ló ti ṣí wá.

Nítorí náà láàárín àwọn ńlá sí ńlá, owó ti ṣí ilẹ̀kùn. Ibi tó ti ń dunni ni àárín ńlá sí kékeré. Ní ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin 2025, gbogbo tíímù 16 tó kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú líìgì ńlá mẹ́rin péré ni wọ́n ti wá, àwọn mẹ́rin tó sì gbẹ̀yìn, gbogbo wọn ni wọ́n tò sí ipò kìíní ní apá tiwọn. Mílíọ̀nù $20.5 tí mo sọ yẹn, òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni san án, ẹni tó bá ní ló ń san án. Ilé-ìwé kékeré á rí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, á tọ́ ọ lọ́dún kan, lọ́dún kejì olówó á nawọ́ sí i, á lọ. Bí ti ọjà ẹja níbí náà ni, ẹni tó gbowó dání ló ń yan èyí tó sanra kí ẹlòmíì tó débẹ̀.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n máa sanwó fún ọmọ, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n padà sí ti àtijọ́ ò fẹ́ràn ọmọ yẹn. Àmọ́ kí wọ́n rántí ẹni tó tọ́ ọ. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, FIFA ti ṣe é, tí wọ́n bá ra ọmọ láàárín kọ́lọ́ọ̀bù, wọ́n ń yọ 5% nínú owó náà fún àwọn kọ́lọ́ọ̀bù tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. NCAA ò ní irú òfin yẹn. Ẹ̀yin ẹ ní in, kọ́ọ̀ṣì! Ṣé kọ́lọ́ọ̀bù yín ti forúkọ sílẹ̀? Ṣé ẹ ní ìwé tí ẹ kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí, ọjọ́ ìbí ẹ̀, ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín àti ọjọ́ tó kúrò? Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀ṣì ló tọ́ ọmọ tó di ńlá tí wọn ò rí nǹkan kan fi hàn ju fọ́tò lórí fóònù lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin ni mí, mo wà ní SS2, 400 mítà ni mò ń sá. Ṣé owó yìí kan àwa tó ń sáré? (Ìjẹ̀dè)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, díẹ̀ ló kàn yín. Bọ́ọ̀lù tiwọn yẹn àti básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ohun tó yí padà fún ẹ̀yin tó ń sáré ni sikọ́láṣíìpù. Tẹ́lẹ̀, 18 ni gbogbo èyí tí ilé-ìwé lè fún àwọn obìnrin tó ń sáré, báyìí ilé-ìwé tó wọ inú àdéhùn yẹn lè fún gbogbo ẹni tó wà nínú tíímù, àmọ́ tíímù ò gbọ́dọ̀ ju 45 lọ. Ó lè, kì í ṣe dandan fún un, àwọn kan á tiẹ̀ fẹ́ fi owó náà ra ọmọ bọ́ọ̀lù.

Má wulẹ̀ máa wo ilé-ìwé tó lókìkí. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú, UTEP, yunifásítì kan ní El Paso ní Texas, ló lọ, kì í ṣe ilé-ìwé olówó, ibẹ̀ ló ti gba ife NCAA lọ́dún 2017, nígbà tó sì di 2022 ó sá 100 mítà onídènà ní 12.12 ní Eugene, kò tíì sí obìnrin tó sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ físà tí mo sọ fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan ìwọ náà, torí náà múra sí ìwé ẹ, yunifásítì tiwa níbí náà ń sáré ní NUGA. Tí o bá ti sáré níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gba àkókò, kọ àkókò yẹn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ọjọ́ àti pápá tó ti ṣẹlẹ̀, kí màmá tàbí bàbá ẹ fọwọ́ sí i. Mi ò gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá là, a jọ máa kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí kọ́ọ̀ṣì ni.