Èsì: Ṣé kí bàbá mi yọ̀ǹda igi kajú wọn fún ọ̀nà?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní àdúgbò yín l'Ógbómọ̀ṣọ́ fẹ́ la ọ̀nà gba oko kajú bàbá yín, pé kí wọ́n fara mọ́ ọn nítorí ìlọsíwájú. Èmi ò ní tètè pàtẹ́wọ́ o. Ta ló tún ń pàdánù nǹkan? Bí alága àdúgbò ò bá ní wó ògiri tirẹ̀ tó yọ sójú ọ̀nà, ìrẹ́jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìjọba ló fẹ́ gbà á, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí wọ́n san owó ilé àti ohun ọ̀gbìn. Ẹ ya fọ́tò igi kọ̀ọ̀kan kí katapílà tó dé. Àmọ́ bí bàbá fúnra wọn bá ní àwọn yọ̀ǹda, ẹ má bá wọn jà. Àwọn ló gbìn ín.