_WIN32 kò sọ pé bíìtì 32 ni ẹ̀rọ yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kóòdù C mi, tí CMake ń darí, ń kọjá wẹ́rẹ́ ní Visual Studio. Nígbà tí mo gbé e sórí GCC ti MinGW-w64 (kọ̀ǹpáílà GCC fún Windows) pẹ̀lú -std=c11, ó ní òun ò rí sys/socket.h, header nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ̀ka Linux kóòdù mi ń pè. #ifdef WIN32 ni mo fi ya Windows sọ́tọ̀. Ẹnìkan ní kí n lo _WIN64 torí pé bíìtì 64 ni Windows mi. Ẹlòmíì ní kí n ṣáà fi -DWIN32 kún flag, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpáílà. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan. _WIN32 ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ìlà abẹ́ níwájú.

Ọ̀rọ̀ _WIN64 yìí ti sú mi. 32 tó wà nínú _WIN32 kì í ṣe bíìtì ẹ̀rọ yín rárá; Win32 lorúkọ API Windows (ọ̀nà tí ètò fi ń bá Windows sọ̀rọ̀) láti ìgbà tó ti kúrò ní bíìtì 16, orúkọ ọ̀hún ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpáílà Microsoft ń gbé _WIN32 kalẹ̀ fún 32 àti 64, ARM náà ò gbẹ́yìn. MinGW-w64 ń ṣe bákan náà, kódà tó bá jẹ́ orí Linux lẹ ti ń fi í kọ́ .exe. _WIN64 ló jẹ́ ti 64 nìkan. Tẹ́ ẹ bá fi í ya Windows sọ́tọ̀, ẹni tó bá kọ́ ọ fún 32 á bá ara rẹ̀ ní ẹ̀ka Linux. Ẹni tó fún yín nímọ̀ràn yẹn ò dán an wò.

WIN32 lásán ńkọ́? CMake ló ń rọra ki /DWIN32 bọ flag fún kọ̀ǹpáílà Microsoft. GCC ti MinGW-w64 náà ń fúnni ní WIN32, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní -std=c11, á kó gbogbo irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí kò ní ìlà abẹ́ níwájú, kúrò, torí òfin C fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù. Ẹ ṣí fáìlì òfìfo kan, ofo.c, kẹ́ ẹ wá ṣe:

gcc -std=c11 -dM -E ofo.c

Ẹ ó rí #define _WIN32 1. Ẹ sọ c11 di gnu11 (C11 pẹ̀lú àfikún GNU), #define WIN32 1 náà á yọjú. Kọ̀ǹpáílà kan náà, Windows kan náà.

Ẹni tó bá fi -DWIN32 dí i, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá: ẹni tí kò bá lo flag yín á tún bá àṣìṣe yẹn pàdé. Mi ò tíì rí kóòdù yín o. Tó bá jẹ́ láíbùrárì àtijọ́ kan ló ń wá WIN32 nínú header tirẹ̀, ẹ fún òun nìkan ní -DWIN32.

Ní ẹ̀ka Windows, winsock2.h ni kẹ́ ẹ pè, kó ṣáájú windows.h. Kẹ́ ẹ sì fi -lws2_32 (láíbùrárì nẹ́tíwọ́ọ̀kì Windows) sí ìparí àṣẹ, lẹ́yìn orúkọ àwọn fáìlì. GCC ò ka #pragma comment tẹ́ ẹ fi ń pe láíbùrárì ní Visual Studio sí.