Ta Ni Yóò Gba Ọmọ? Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín Lórí Ìkọ̀sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe ìdána ní 2013, ọ̀sẹ̀ kejì la lọ fọwọ́ sí ìwé ní rẹ́jísírì. Ọkọ mi ti kó jáde nílé láti bí ọdún mẹ́ta, Èkó ló ń gbé báyìí. Lóṣù tó kọjá, ẹbí rẹ̀ mú ìwé wá láti kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ pé a ti túká, kí n kó ọmọ méjèèjì wá, ọmọ ọdún 9 àti 6, torí bàbá ló lọmọ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣé òótọ́ ni?
*Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ìwé rẹ́jísírì yẹn ni gbogbo ẹjọ́ yín dúró lé. Tí tọkọtaya bá ti fọwọ́ sí i, ilé-ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú wọn ká. Kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣe ìdána. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé: wọ́n á gba ìwé ìtúká ní kóòtù ìbílẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ lójú òfin, wọn kò tíì kọ ẹni àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ya ìwé náà, ẹ má sì dákẹ́ lé e. Ẹ gbé e fún lọ́yà lọ́sẹ̀ yìí pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé rẹ́jísírì yín, kí ó lọ ní kí wọ́n fagi lé àṣẹ náà. Ọjọ́ tí òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í pọ̀. Tí owó lọ́yà kò bá sí, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ kọ ọkọ sílẹ̀, òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970 gbà pé ọdún mẹ́ta tí tọkọtaya kò ti gbé pọ̀ tó ẹ̀rí pé ìgbéyàwó ti dàrú, ì báà ṣe pé ẹnì kejì kò fẹ́ túká. Tó bá jẹ́ ọdún méjì, àfi tí ẹnì kejì kò bá takò ó. Nítorí náà, ẹ ka oṣù dáadáa. Tó bá ku oṣù méjì kí ọdún mẹ́ta pé, ẹ ní sùúrù. Ìbàdàn ni kí ẹ ti pè é, torí òfin yìí fàyè gba ẹni tó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé láti lo ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí.

Ní ti bàbá ló lọmọ, àṣà náà wà lóòótọ́. Àmọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1989, nínú ẹjọ́ Okwueze àti Okwueze, pé ẹ̀tọ́ bàbá lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ kò ní dúró níbi tó bá ti máa pa ọmọ lára. Abala 71 òfin 1970 náà ní ire ọmọ ni kí adájọ́ fi ṣáájú ohun gbogbo. Kò ní kí ó gbé ọmọ fún ìyá o. Ìyá tó bá kó ẹkún nìkan lọ sí kóòtù lè pàdánù ọmọ.

Ohun tí adájọ́ fẹ́ rí ni bí ọjọ́ ọmọ ṣe ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ní ń jí wọn, aago mélòó ni wọ́n ń dé ilé-ìwé, ta ní ń lọ gbà wọ́n, ibo ni wọ́n ń sùn, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń wà tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́. Ẹ kó risíìtì owó ilé-ìwé, káàdì àbájáde ìdánwò, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìbí, risíìtì owó ilé. Tí ẹ bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp, kí lọ́yà ṣe ìwé ẹ̀rí tí abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè dà á nù. Ẹ má sì fi gbogbo ọjọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ sílẹ̀. Adájọ́ kì í fi ọmọ jẹ òbí níyà.

Ọjọ́ tí ẹ bá fi ẹjọ́ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti béèrè àṣẹ onígbà díẹ̀, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ yín, kí owó oúnjẹ sì máa wọlé títí ẹjọ́ yóò fi parí. Adájọ́ lè rán òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà wá wo ilé yín. Lẹ́yìn ìdájọ́, àṣẹ àkọ́kọ́ tí àwọn lọ́yà ń pè ní decree nisi yóò pé oṣù mẹ́ta kó tó di àṣepé, kò sì lè di àṣepé títí ètò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò fi tẹ́ adájọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè: Kóòtù ìbílẹ̀ ní kí n máa san 40,000 náírà lóṣù fún ọmọ mẹ́ta. Iṣẹ́ mi ti dẹ̀, mo ń fi ohun tí mo bá rí rán àbúrò ìyá wọn. Ìyá wọn lọ sọ ní kóòtù pé n kò san kọ́bọ̀, kò sì jẹ́ kí n rí ọmọ mọ́. Ṣé mo lè dá owó dúró?
*Bàbá, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró, bàbá. Àwọn ọmọ ló ń jẹ ẹ́. Ohun tó ń bá yín jà ni pé owó tó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kò fi ẹsẹ̀ ẹ̀rí kankan sílẹ̀. Láti oṣù yìí, ẹ san án sí àkáǹtì ìyá wọn, kí ẹ kọ owó oúnjẹ ọmọ àti orúkọ oṣù sí i, tàbí kí ẹ san án fún akọ̀wé kóòtù, kí ẹ gba risíìtì. Owó ilé-ìwé, ẹ lọ san án níbẹ̀ fúnra yín. Ẹ bẹ àbúrò náà kí ó wá jẹ́rìí lórí ti àtẹ̀yìnwá.

Kóòtù tó pàṣẹ owó ló lè dín in kù. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kí gbèsè tó gorí gbèsè. Ẹ mú ìwé owó oṣù àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí dání, kí ẹ sì dá iye kan pàtó tí ẹ lè san láìyẹ̀. Ẹni tó kàn ń sọ pé ó ti pọ̀ jù kò ran adájọ́ lọ́wọ́.

Rírí ọmọ ní tirẹ̀ yàtọ̀ sí owó. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan di èkejì. Tí ìdájọ́ bá kàn ní bàbá lè máa rí wọn, ìjà ló máa bí. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i: Sátidé àkọ́kọ́ àti ìkẹta lóṣù, aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, ibi tí wọ́n á ti gbé ọmọ fún yín, ẹni tí yóò mú wọn wá, bí ìsinmi ilé-ìwé àti ọdún yóò ṣe pín.

Ìbéèrè: Ẹjọ́ wa ṣì wà ní ilé-ẹjọ́ gíga Ìkẹjà. Ọkọ mi tó ń gbé ní London fẹ́ wá mú ọmọ ọdún méje wa lọ fún ọlidé. Ẹ̀rù ń bà mí.
*Ìyá, Èkó*

Ìdáhùn: Ẹ ṣe tiyín kó tó balẹ̀. Kí lọ́yà gba àṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ọmọ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìyọ̀ǹda kóòtù, kí páspọ́ọ̀tù ọmọ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ẹ fi ẹ̀dà tí kóòtù lù lóńtẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìmígréṣọ̀n. Kíákíá ni, torí Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn Hague ti 1980 tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá ọmọ padà fún ara wọn. Tó bá ti kọjá, ilé-ẹjọ́ ọ̀hún lẹ máa bá fà á. Tí adájọ́ bá gbà kó lọ, kí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti àdírẹ́sì wà nínú àṣẹ náà. Gbàrà tí àṣẹ bá jáde, ẹ fún ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ ní ẹ̀dà tirẹ̀ àti orúkọ àwọn tó lè wá gba ọmọ lẹ́nu géètì.