Fóònù Ò Ka Ìwé Tí Olùkọ́ Fi Ránṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin ò ríran, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ka yunifásítì, TalkBack ló ń ka nǹkan sí i létí lórí fóònù ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti ṣí PDF olùkọ́ wọn báyìí, kẹ́kẹ́ pa. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àdúrótì àbúrò yín. Fóònù yẹn ò bàjẹ́ o, ó jọ pé fọ́tò ni wọ́n ya ìwé yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́ di PDF, àwòrán lásán ni TalkBack ń rí níbẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú ẹ̀, tí ò bá ṣeé kọ́pì, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ gbé e sí Google Drive lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi Google Docs ṣí i, á yọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde, àmọ́ ó máa ń ṣi ìṣirò àti àmì ohùn Yorùbá kọ. Kì í wá ṣe ẹ̀yin ló yẹ kó máa ṣe wàhálà yìí jàre! Ẹ ní kí olùkọ́ fi fáìlì Word tó fi tẹ̀ ẹ́ gan-an ránṣẹ́. Tó bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ẹ gba ọ́fíìsì yunifásítì lọ, òfin abirùn Nàìjíríà ti 2019 fún àbúrò yín lẹ́tọ̀ọ́ láti kàwé láìsí ìyàsọ́tọ̀. Tí àbúrò yín bá ní láptọ́ọ̀pù Windows, ẹ bá a fi NVDA sí i, òun náà máa ń ka nǹkan síni létí bíi TalkBack, ọ̀fẹ́ ni.