Ilé ẹyin ni wọ́n kọ sínú ìwé, ilé ọmọ ló ti wá

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ lóru àná. O ní ọmọ ọdún 44 ni ọ́, síkáànì rí kókó ńlá kan lẹ́bàá ilé ẹyin rẹ lápá òsì, omi díẹ̀ wà nínú ikùn, CA-125 rẹ, nọ́ńbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn, jẹ́ 148, ẹni tó ṣe síkáànì sì ní ó jọ jẹjẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá ní o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀bẹ kàn án, kí o máa mu àgbo. O ń béèrè bóyá ojú ẹnì kan ti rí irú ẹ̀ rí. Ojú mi rí i. Tèmi, 212 ni.

Ní 2019 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún 47. Ìró ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ìró tí mo ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbági kò ká mi mọ́, àwọn oníbàárà sì ti ń ṣàdúrà pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, mo á ṣe àmín. Oṣù méjì gbáko ni mo fi mu àgbo eléwé ọmọ. Kò sí ohun tó ṣe ju kí n máa sáré lọ ilé ìyàgbẹ́ lọ.

Nígbà tí mo wá lọ ṣe síkáànì, ọmọkùnrin tó ń ṣe é dákẹ́ lójijì. Ó ń yí ohun tútù yẹn ká ojú kan náà, ó tún padà síbẹ̀. Ó dìde, ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi, pé jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni. Mo ṣì ń nu òróró síkáànì kúrò níkùn o! Títí dòní, inú ń bí mi sí i. Síkáànì kì í rí jẹjẹrẹ. Kókó ló ń rí.

Dókítà tí wọ́n darí mi sí, tó jẹ́ pé jẹjẹrẹ àwọn obìnrin niṣẹ́ rẹ̀, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó mú báírò, ó ṣírò lójú mi: síkáànì mi gba máàkì 3, nǹkan oṣù mi ò tíì dúró, ìyẹn 1, ó fi CA-125 sọ ọ́ di púpọ̀, ó bọ́ sí 636. Ó ní ohun tó bá ti lé ní 200, àwọn tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ni kí wọ́n bójú tó o. Ó ní kí n gbọ́ dáadáa, ìṣirò yẹn ń sọ ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, kò sọ orúkọ àìsàn mi.

Ó wá ṣàlàyé CA-125. Kò yẹ kó kọjá 35, ṣùgbọ́n awọ fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn àti ilé ọmọ wà lára ohun tó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń yọ awọ yẹn lẹ́nu lè gbé e sókè: fáíbírọ́ìdì, oyún, ikọ́ ife tó wọnú ikùn, àìsàn ẹ̀dọ̀, kódà nǹkan oṣù lásán. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin náà sì lè wà lára ẹlòmíì kí nọ́ńbà yẹn má tíì gòkè.

Ẹ̀yìn káàdì mi ló ya ilé ọmọ sí. Ó ní fáíbírọ́ìdì mìíràn kì í jókòó sínú ilé ọmọ, ìta rẹ̀ ló máa ń so sí, bí kòkó ṣe ń so lára igi, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló dì í mú. Tó bá wá fì sápá kan, tó lọ sùn ti ilé ẹyin, ta ló máa mọ ilé tó ti wá? Tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dé àárín rẹ̀ dáadáa mọ́, inú rẹ̀ á rà, á di omi lóríṣiríṣi, á wá jọ kókó ilé ẹyin pátápátá lójú síkáànì. Omi ikùn ńkọ́? Ó ní dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Meigs kọ̀wé ní 1937 nípa kókó ilé ẹyin tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tó ń kó omi sí ikùn àti àyà. Fáíbírọ́ìdì náà máa ń ṣe é nígbà mìíràn. Wọ́n á pè é ní pseudo-Meigs, ìyẹn èyí tó jọ ti Meigs.

MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ló tú àṣírí díẹ̀. Wọ́n rí ilé ẹyin mi méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ara ilé ọmọ wọnú kókó náà. Owó rẹ̀ wọ́n o, mo ta ọjà kan tí n kò fẹ́ tà.

Síbẹ̀, wọ́n là mí. Láti ìdodo lọ sísàlẹ̀ ni, kí wọ́n lè yọ ọ́ lódidi láìgé e sí wẹ́wẹ́ nínú ikùn. Torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe gún un lábẹ́rẹ́ ṣáájú: tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, kò yẹ kó dà sílẹ̀ sínú ikùn. Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbọ́ nìyẹn tó fi ń bẹ̀rù ọ̀bẹ. Mo ti bí mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i kí wọ́n mú ilé ọmọ, kí wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀ tí ara wọn bá dá. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀.

Ọjọ́ 19 ni mo fi retí èsì ẹran tí wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò. Fáíbírọ́ìdì ni, inú rẹ̀ ti rà. Omi ikùn náà ò padà wá.

Ṣùgbọ́n màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí tèmi, CA-125 tiwọn ò tó ìdajì tèmi. Jẹjẹrẹ ni tiwọn.

Torí náà n kò ní sọ fún ọ pé fáíbírọ́ìdì ni tìrẹ. Ọjọ́bọ̀ lo ní o máa padà lọ, àbí? Bi wọ́n bóyá wọ́n rí ilé ẹyin méjèèjì, bóyá MRI á wúlò, àti ẹni tó máa ṣiṣẹ́ abẹ. Sọ fún wọn tó bá jẹ́ pé o ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Kí o sì tú inú àpótí, kó o wá síkáànì oyún rẹ àtijọ́. Nínú èyí tí mo ṣe fún àbíkẹ́yìn mi, wọ́n kọ fáíbírọ́ìdì kékeré kan sí apá ọ̀tún níta ilé ọmọ, ibi tí kókó tèmi wà gan-an. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà lábẹ́ aṣọ ìkómọ, n kò rántí rẹ̀ rárá, ọkọ mi ló rí i.